Bí Mo Ṣe Di Erékùṣù fún Ẹyẹ Tẹwé-má-rì

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa jẹ ẹ́, nítorí eyín mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu mi, n kò fẹ́ kí eyín ẹlòmíì máa pariwo bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó lọ bá ẹní rẹ̀ nílé. Ìtàn yìí kì í ṣe ti olóorun.

Èmi Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ògúnjìmí, èmi ni mo fi ojú ara mi rí i, ìdí mi gan-an ló sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí lónìí pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti ikùn bí àpò gààrí, ẹ má rò pé àgbà ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá nìkan ni àgbà mú wá. Ikùn ti wà tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún, bí mo bá wọ igbó, etu á sọ fún ìgalà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré o, ìyá yẹn ti dé." Bàbá mi kò bí ọkùnrin, ó sì ní ìbọn òun kò ní di igi ìdáná, ló bá gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìbọn ṣakabùlà ni. Bó bá dún, á ta ẹran síwájú, á ta èmi náà sẹ́yìn. Ẹran tí mo pa kò lóǹkà. Iye ìgbà tí mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ kò lóǹkà bákan náà.

Jímọ̀, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn. Tọ́jú ẹ̀rín rẹ. Ibi tí wàá ti rín in wà níwájú.

Ohun tó lé mi kúrò nílé nìyí. Fadérera, àkọ́bí mi, bí ọmọbìnrin kan sílé ọkọ rẹ̀ létí odò Olómitútù. Àwẹ̀ró lorúkọ ọmọ náà. Ó gbọ́n, ó lè kọrin, bó bá sì bú ènìyàn, ẹni náà á wẹ̀yìn wò bóyá àgbà ló bú òun. Ṣùgbọ́n ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò dìde dúró rí. Bí a bá gbé e nàró, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ewé gbúre tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni odò kún wọ àgbàlá. Nítorí náà, Bàbá Akínlàjà, tó jẹ́ olórí agboolé ọkọ ọmọ mi, ní ọmọ omi ni, pé odò ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n fi odò ṣe èèwọ̀ fún ọmọ náà. Omi òjò ni wọ́n fi ń rin aṣọ, aṣọ ni wọ́n fi ń nù ún lára. Fún ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò kan omi tó kún igbá.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá yìí kó ìdílé jọ. Ó ní, "Ọjọ́ kọkànlélógún òní la ó jẹ iṣu tuntun. Bí ọmọ yìí bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi iṣu, ó di tiwa. Bí kò bá rìn, a ó gbé e padà fún olóhun."

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Apẹ̀rẹ̀ ni, etí odò ni, ẹni tó bá sì gbé e lọ kì í wẹ̀yìn.

Fadérera kò sunkún. Àìsunkún rẹ̀ ló já mi láyà. Ó kàn sọ fún mi wẹ́rẹ́ pé, "Ìyá mi, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá hun, kí wọ́n hun ún kó gba ẹni méjì."

Mo gbé ìbọn mi. Àgbà apẹja kan tó fọ́ lójú kan ló fọ̀nà hàn mí. Ó ní, "Adágún kan wà lẹ́yìn igbó àwọn ẹbọra. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń rìn lójú omi. Tẹwé-má-rì la ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kì í rákòrò. Ọjọ́ tó bá jáde nínú ẹyin náà ló ń rìn. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, èèpo ẹyin yẹn ni ǹ bá lọ mú, kí n lọ̀ ọ́, kí n fi pa ọmọ náà látẹ́lẹsẹ̀."

Bí mo ṣe wọ igbó àwọn ẹbọra, mo fojú kan ẹnìkan tó ga bí ọ̀pẹ, tó ní ẹsẹ̀ kan àti orúnkún kan, orúnkún náà sì kọjú sẹ́yìn. Ó nà gbalaja dí ọ̀nà.

Ó ní, "Àlọ́ mi kan wà níbí. Ẹni tó bá já a, á kọjá. Ẹni tí kò bá já a, èmi ni mo ni orí rẹ̀, ọmọ mi ló ni ìyókù."

Mo ní, "Ìyókù mi pọ̀ o. Ọmọ rẹ nìkan kò ní lè jẹ ẹ́ tán."

Ó ní, "Pa ẹnu dé! Ẹrù wo ni ẹlẹ́rù ń rù tí kò gbé e lórí, tí kò gbé e léjìká, tí kò sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo lu ikùn mi gbì-gbì. Mo ní, "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹni tó lóyún lẹ́ẹ̀meje lo ń bi ní irú ìbéèrè báyìí? Oyún ni!"

Ẹbọra náà yí orúnkún rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ lo pa." Mo ní kó sọ tirẹ̀. Ó ní, "Ojú rẹ á rí i lọ́hùn-ún," ó sì ká ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni mo dé ìlú Afẹsẹ̀múlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbóríyìn fún nǹkan méjì, àfi ìdúró ṣinṣin. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn, wọn kì í ní ẹ káàárọ̀. "Ẹ kú ìdúró" ni wọ́n ń kí. Mo rí ìyá kan tó ń ta iyọ̀, ilẹ̀ ti gbé e mì dé orúnkún. Mo rí ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ti gbé e mì dé ìbàdí, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ìyá oníyọ̀ ní, "Àlejò, o wúwo dáadáa. Lọ́dún kan péré, wàá ti bá ọkọ mi dọ́gba."

Mo wolẹ̀. Ilẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi! Mo fa ọ̀tún yọ, òsì wọlé sí i. Mo fa òsì, ọ̀tún wọlé dé ojúgun. Bí mo ṣe ń lo agbára tó ni mò ń rì tó. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi: "Ó ń fìdí múlẹ̀! Ó ń fìdí múlẹ̀!" Mo ní, ìdí tèmi kò ní múlẹ̀ síbí. Mo na ara mi sílẹ̀ gbalaja, mo ta ẹsẹ̀ yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri bí àgbá epo. Mo yí gba àárín ọjà, mo yí kọjá níwájú ọba wọn, ìró mi ká dé àyà, n kò wojú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì kò mọ ibi tí yóò ti mú ikùn mi. Ẹni tó bá ti rí ìdí ìyá àgbà ń yí lọ lójú pópó, kò ní fi ọba rẹ̀ ṣe nǹkan bàbàrà mọ́ láéláé.

Rín in wàyí, Jímọ̀. Ó tó o.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí mo kúrò nílé ni mo dé adágún náà. Ha! Ẹ̀yin ọmọ mi, omi ibẹ̀ kò hàn. Òṣíbàtà ló tẹ́ lé e lójú látòkè délẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀ ọjọ́ ọdún, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń yọjú láàrin wọn. Etí omi jẹ́ kìkì koríko àti ẹrẹ̀. Lórí àwọn ewé yẹn ni mo ti rí ẹyẹ Tẹwé-má-rì.

Ẹyẹ náà kò tóbi ju ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá jẹ. Ara rẹ̀ pupa bí obì tó gbó. Ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, àyà rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú láti orí wá bí ẹni fa tìróò sísàlẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ó là wọ́n ká, èékánná ẹ̀yìn gùn ju gbogbo wọn lọ. Á gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́, á là á, á gbé e lé ewé, ewé á tẹ̀ díẹ̀, kò ní rì. Á ṣí etí ewé wò bí obìnrin tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíì, á ṣa kòkòrò àti ìgbín kéékèèké abẹ́ rẹ̀ jẹ. Bó bá fò, ẹsẹ̀ gígùn yẹn á máa fì lẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé láti kó ẹrù rẹ̀ jọ.

Mo rí ìtẹ́ mẹ́rin, koríko jágbajàgba lásán lójú omi. Ẹyẹ kékeré kọ̀ọ̀kan ń sàba lórí wọn. Ẹyin mẹ́rin mẹ́rin ló wà lábẹ́ wọn, ó ń dán, ó sì ní ìlà dúdú wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni tí kò mọ̀wé tó gba kálàmù. Ẹyẹ ńlá kan wà tó ń lọ láti ìtẹ́ dé ìtẹ́. Kò sàba. Ó ń jà ni. Ó lé awọ́nríwọ́n, ó lé ejò, ó sì kọjú sí èmi náà.

Òfin kan wà láàrin àwa ọdẹ ìlú wa: abo tó ń sàba, a kì í yìnbọn sí i. Akọ tó ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri, ẹran ni. Mo wo àwọn kékeré mẹ́rin tí wọ́n rọra jókòó, mo ní, "Àwọn ìyá ọmọ nìwọ̀nyí, ẹ kú ìtọ́jú." Mo wo ńlá yẹn, mo ní, "Ọkọ oníyàwó mẹ́rin nìyí! Aláṣejù! Ìwọ lo kò fẹ́ kí n mú èèpo ẹyin." Mo tọ́ ìbọn sí i. Gbàù!

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìbọn ti ṣe tirẹ̀. Èéfín ẹ̀tù ṣíji bo ojú omi, bó sì ti ń fẹ́ lọ ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin mẹ́rin láti orí ìtẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Yéè! Wọ́n ti yìnbọn fún ìyàwó mi!"

"Ìyàwó tèmi náà ni!"

"Ìyàwó gbogbo wa!"

Ẹyẹ ńlá náà tẹ ewé bọ̀ lọ́dọ̀ mi, apá òsì rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Abìdí-bí-agbọ̀n, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Akọ ni mo pè yín. Òfin ọdẹ ni."

Ẹyẹ kékeré tó sún mọ́ mi jù lórí ìtẹ́ rẹ̀ wá dá sí i. Ó ní, "Ìyá, akọ ni àwa. Òun ló yé ẹyin, àwa la ń sàba lé e, àwa la ń tọ́ ọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bá wa lé ọ̀tá."

Mo ní, "Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọkọ rẹ̀? Ẹ kì í jà?"

Ó ní, "Ìgbà wo la fẹ́ ráyè jà? Ṣé o rí ẹni tó ń sàba tó ń jà?"

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà níbí, ẹ má wojú ara yín bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni mò ń sọ, n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú.

Bàbá ẹyin yìí ló dá ẹjọ́ mi. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ẹyin wa pa. Ìwọ lo ṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ wa lápá. Ìwọ ni wàá ṣọ́ wa."

Mo kà á lọ́kàn. Ọjọ́ márùn-ún ti lọ. Mẹ́sàn-án bá a, ó di mẹ́rìnlá. Ọ̀nà ilé ń dúró dè mí. Mo lè sá o, wọn kò lè lé mi bá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ yè, ojú wo ló máa fi fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún awọ́nríwọ́n? Mo dúró.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dúró sínú omi dé itan. Mo fi ìdí ìbọn gbá awọ́nríwọ́n. Mo fi ẹnu bú òṣìn, ẹyẹ apẹja ńlá yẹn, títí tó fi lọ wá oúnjẹ níbòmíràn. Eṣúṣú lẹ̀ mọ́ mi níbi tí n kò ní dárúkọ níwájú àwọn àna mi. Lálẹ́ ẹyẹ ńlá á wá dúró tì mí, kò sì ní sọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà ó ní, "O mọ̀ ọ́ bú ènìyàn." Mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán gangan, òjò dé. Òjò yẹn kò rọ̀, wọ́n dà á ni. Adágún ń wú bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìtẹ́ mẹ́ta gòkè pẹ̀lú omi. Ìtẹ́ kẹrin, ti ẹyẹ tó dá mi lẹ́jọ́, igi ewé abẹ́ rẹ̀ já pẹ́ú, ó sì ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bàbá ẹyin fi apá méjèèjì gbá ẹyin mọ́ra, omi ti dé àyà rẹ̀, kò kúrò.

Ó kígbe pé, "Ìyá!"

Mo sáré wọ omi. Ẹsẹ̀ mi wọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ó rì dé orúnkún. Mo fà á, ó rì sí i. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo ju ara mi sẹ́yìn, mo dojú ikùn kọ òkè, mo la ọwọ́, mo la ẹsẹ̀, mo la ìka pàápàá bí tiwọn. Omi gbé mi! Mo fi ọwọ́ wa ara mi débẹ̀, mo ti ìtẹ́ náà sókè, mo gbé e lé ikùn mi. Ẹyin mẹ́rin, koríko, bàbá ẹyin, gbogbo wọn gúnlẹ̀ sórí ìdodo mi.

Ikùn tí mo ti ń bú láti ìgbà ọmọ kẹta, ikùn tí ọkọ mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun lè gbé ife lé kó má dà. Òun ló di erékùṣù lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá gbọ́ ìyà. N kò gbọdọ̀ húkọ́, n kò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Bàbá ẹyin á yí ẹyin, ìka rẹ̀ gígùn á wọ́ kọjá ní ìhà mi, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí kú. Mo jẹ ètè mi títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Òjò ń rọ̀ sí mi lójú. Mo ń ronú Àwẹ̀ró, mo ń ronú apẹ̀rẹ̀.

Òjò dá. Oòrùn yọ. Mo gbọ́ kẹ́kẹ́ lórí ìdodo mi. Kẹ́kẹ́. Èèpo kan là. Nǹkan kan tó tutù, tó kéré ju àtàǹpàkò mi lọ, jókòó sórí ikùn mi, ó gbẹ, ó gbé ẹsẹ̀ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ sókè, ó là á, ó sì rìn. Ó rìn látorí ikùn mi wá sí àyà mi, ó dé àgbọ̀n mi, ó wo inú ihò imú mi. Ọmọ wákàtí kan! Mo sunkún, ikùn mi ń mì, bàbá, ọmọ àti ẹyin ń gbọ̀n lórí rẹ̀ bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn kò sì ṣubú.

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde tán, bàbá wọn lóṣòó, ó gbé apá díẹ̀, ó pè wọ́n. Méjì wọ ọ̀tún, méjì wọ òsì. Ó pa apá dé, ó dìde, ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ sì ń fì lábẹ́ apá rẹ̀. Mo rántí ẹbọra ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹrù tí kò sí lórí, tí kò sí léjìká, tí kò sí lẹ́yìn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní èèpo ẹyin náà, mo sì rò fún un gbogbo ohun tó gbé mi wá.

Ó ní, "Mú u. Ṣùgbọ́n èèpo kì í rìn. Orí kí ni ọmọ yín ti ń kọ́ ìrìn?"

"Orí ilẹ̀, níbo tún ni?"

"Ilẹ̀ le. Kì í báni gbé nǹkan kan. Àwa, ewé ń bá wa gbé díẹ̀, omi ń bá wa gbé díẹ̀, àwa náà là ẹsẹ̀ wa. Ẹ ti gbé e sínú omi rí?"

Mo ní, "Odò? Èèwọ̀ rẹ̀ ni!"

Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó ń jẹ aṣọ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ìwọ tí o tóbi tó yìí, ta ló gbé ọ lónìí?"

Mo fi èèpo náà sílẹ̀ lórí ewé, mo gba ọ̀nà ilé.

Nígbà tí mo délé, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Fadérera yọ mọ́ mi, ó ní, "Ìyá mi, oògùn dà?" Mo ní, "Odò ni." Ó fà sẹ́yìn, ó gbá ọmọ mọ́ra. Ó ní, "Ẹ̀yin náà? Àwọn ọ̀tá ní kí n gbé e fún odò, ẹ̀yin náà ní kí n gbé e fún odò?"

Mo ní, "Gbé e wá, kí o sì bá mi wọ inú omi. Bí odò bá fẹ́ mú un, kó kọ́kọ́ mú mi. Ó máa pẹ́ kó tó gbé mi mì tán, wàá ti sáré jáde." Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, Àwẹ̀ró fi èékánná ya mí lọ́rùn, ó bú mi tìyá-tìyá. Ọjọ́ kejì, ó ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí wa lójú. Ọjọ́ kẹta, omi dé e láyà, ó la ìka ẹsẹ̀ sórí iyanrìn, mo tú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì dúró. Inú omi ló ti dúró o. Bí a bá ti gbé e sórí ilẹ̀, orúnkún á tún tẹ̀.

Ọjọ́ iṣu pé. Àwọn àgbà kò bá wa nílé, wọ́n sì wá wa dé etí odò. Bàbá Akínlàjà ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà. Ó rí èmi àti Àwẹ̀ró nínú omi, ẹnu rẹ̀ kò pa dé.

Ó ní, "Ìyá Fadérera, ẹ ti gbé e wá fúnra yín. Ó dáa. Ẹ fi í sílẹ̀ fún olóhun."

Mo ní, "Mo ti fi í sílẹ̀," mo sì gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè kí gbogbo wọn rí i.

Àwẹ̀ró dúró. Ó wo ìyá rẹ̀ tó wà ní bèbè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Omi wá sí ìbàdí rẹ̀. Ó gbé òmíràn. Omi wá sí orúnkún, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Omi wá sí ọrùn ẹsẹ̀. Ó tẹ iyanrìn gbígbẹ, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀, ó jókòó pọ̀ọ̀ níwájú Bàbá Akínlàjà.

Bàbá náà ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e. Inú rẹ̀ kò kúkú burú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Fadérera ké tòò: "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ kó dìde!"

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ìdí ló kọ́kọ́ gòkè, bí a ti ń ṣe nídìílé wa. Ó nàró. Ó wo àgbàlagbà tó dí i lọ́nà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà."

Bàbá Akínlàjà kúrò lọ́nà.

Láti etí odò dé agboolé kò ju igba ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Àwẹ̀ró rìn ín látàárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ṣubú, ó dìde, ó ṣubú, ó dìde, àwa sì ń tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Wọ́n ti se iṣu tuntun kalẹ̀. Ó tutù, eṣinṣin bà lé e, ebi ń pa àgbà, ebi ń pa ọmọdé, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó dé, ó jókòó, ó bu tirẹ̀ fi sẹ́nu. Ìgbà náà ni Bàbá Akínlàjà nu ojú, tó sì ní, "Ó yá, ẹ jẹun."

Ohun tí mo rí ni mo rò fún yín yìí. Ẹni tó bá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá gba àga mi jókòó, kí n lọ na ẹ̀yìn.